Ológbò Wa àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

 



Ẹ̀kọ́ wa nínú oṣù yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Wọ́n lè ní: ṣé ọ̀rọ̀ ìrun, ààwẹ̀ àti sàká ti tán ni, tí a fi wá ń kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ológbò? Kò tán o. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì tó ń kírun lẹ́yìn imáámù kan náà kò bá kí ara wọn mọ́ nítorí ológbò, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rín. Ànábì (SAW) ti kọ̀ fún wa pé Mùsùlùmí kan kò gbọ́dọ̀ yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí lo oṣù mẹ́rin.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ní àdúgbò kan ní ìlú Ìbàdàn, nínú ilé kan tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Èkúté ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n ń gé ìwé rẹ̀, wọ́n sì ń já àpò gaàrí rẹ̀. Ẹnìkan wá fún un ní ọmọ ológbò kan. Láàárín oṣù díẹ̀, èkúté di àwátì nínú ilé náà. Inú gbogbo ará ilé dùn. Ìyá kan wà ní yàrá òdìkejì tó ń ta ẹja yíyan. Òun pàápàá a máa ju orí ẹja sí ológbò náà.

Nígbà tí ológbò dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí fúnra rẹ̀ mú ohun tí wọ́n ń jù sí i tẹ́lẹ̀. Ó gbé ẹja kan lórí àtẹ. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún olówó rẹ̀. Ó tún gbé ẹja kejì. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, jọ̀wọ́, ká ológbò rẹ lọ́wọ́ kò.” Lẹ́yìn èyí ni ológbò náà pa òròmọdìyẹ ìyá náà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó sì tún ń yàgbẹ́ sínú yanrìn tí àwọn ọmọ kéékèèké ilé náà fi ń ṣeré.

Ìyá náà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin wa lẹ́ẹ̀kẹta. Ìdáhùn tó gbà ni pé: “Màmá, ológbò ni. Ta ló ń so ológbò mọ́lẹ̀? Ànábì gan-an sọ pé wọ́n wà lára àwọn tí ń rìn kiri láàárín wa.” Ìyá náà padà sí yàrá rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n bá òkú ológbò náà lẹ́bàá kànga. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ìyá àgbà kan nínú ilé náà já orí ẹja kan gbà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì. Ọmọ náà ti fẹ́ gbé e sẹ́nu. Májèlé èkúté ni wọ́n fi ra orí ẹja náà.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá sálámà, èkejì kì í dáhùn. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní ìyá náà ti dá irú ẹ̀ṣẹ̀ tó sọ obìnrin kan di èrò iná. Ìyá náà ní ológbò tí ojú rẹ̀ ń tàn bí iná lóru bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ológbò lásán. Àwọn àgbà sì ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, a sì bi àwọn àáfà wa léèrè. Ohun tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni a fẹ́ kà pọ̀.

IPÒ OLÓGBÒ NÍNÚ Ẹ̀SÌN WA

Òótọ́ ni pé ológbò ní àyè nínú Ìsìláàmù. Abu Dawud, Tirmidhi àti àwọn mìíràn gbà á wá pé Kabsha, ọmọbìnrin Ka'b ọmọ Malik, tó jẹ́ ìyàwó ọmọ Abu Qatada, bu omi àlùwàlá fún baba ọkọ rẹ̀. Ológbò kan wá, ó fẹ́ mu nínú omi náà. Abu Qatada tẹ ohun èlò náà fún un títí ó fi mu tẹ́rùn. Nígbà tó rí i pé Kabsha ń wo òun tìyanu-tìyanu, ó ṣàlàyé fún un pé Ànábì (SAW) ti sọ pé ológbò kì í ṣe nájísì, àti pé ó wà lára àwọn tí ń rìn yí wa ká.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí hàdíìsì yìí dá lé lórí. Omi àlùwàlá ni. Ó mú ìnira kúrò fún wa, kí a má baà máa da omi nù nígbàkúùgbà tí ológbò bá fẹnu kàn án. Kò sọ pé ẹja aládùúgbò ti di ẹ̀tọ́ ológbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa mú ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun ṣe fún un, ó sì sọ ọ́ di ìnira fún ẹlòmíràn.

Hàdíìsì kejì ni ti obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò. Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Umar. Obìnrin náà sé ológbò mọ́lé títí ó fi kú; kò fún un ní oúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun méjì ni obìnrin náà kọ̀ láti ṣe: kò bọ́ ọ, kò sì tú u sílẹ̀. Láti inú èyí ni àwọn onímímọ̀ ti fa á yọ pé ẹni tó bá ń bọ́ ológbò dáadáa, tó ń fún un ní omi, lè sé e mọ́lé, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀sìn fi dandan lé e pé kí ológbò òun máa rìn káàkiri kò sọ òótọ́.

Ẹ̀TỌ́ ALÁDÙÚGBÒ

Gbogbo wa la mọ hàdíìsì Jibril, tó ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò fún Ànábì (SAW) léraléra títí Ànábì fi rò pé yóò sọ aládùúgbò di ajogún. A kì í sọ̀rọ̀ ogún lórí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì (SAW) fi Ọlọ́hun búra pé ẹni tí ọkàn aládùúgbò rẹ̀ kò balẹ̀ sí aburú rẹ̀ kì í ṣe onígbàgbọ́ òdodo. Ìpìlẹ̀ ńlá kan sì wà tí àwọn onímímọ̀ gbé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kà: kò sí fífi ìnira kan ẹlòmíràn, kò sì sí fífi ìnira san ìnira. Ẹ̀yìn gbólóhùn náà kan ìyá ẹlẹ́ja, iwájú rẹ̀ kan ọ̀dọ́mọkùnrin wa.

BÍ ẸRAN BÁ BA NǸKAN JẸ́, TA NI YÓÒ SAN ÁN?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nínú Suratul Anbiya, Kùránì mẹ́nu ba ẹjọ́ kan tí Ànábì Dáúdà àti ọmọ rẹ̀ Ànábì Sulaimán dá lórí àgùntàn àwọn kan tó wọ oko lóru. Àwọn olùtúmọ̀ Kùránì ṣàlàyé pé Dáúdà ní kí wọ́n kó àgùntàn náà fún olóko. Sulaimán wá rí ọ̀nà tó rọrùn jù: kí olóko máa lo wàrà àti irun àgùntàn, kí ẹlẹ́ran sì máa tún oko ṣe, bí oko bá ti padà sí bó ti wà, kí oníkálùkù gba ohun ìní rẹ̀. Olóko kò pàdánù, ẹlẹ́ran náà kò sì di aláìní.

Nígbà ayé Ànábì wa (SAW), ràkúnmí Al-Bara ọmọ Azib wọ ọgbà àwọn kan, ó sì bà á jẹ́. Ànábì dá ẹjọ́ pé kí ọlọ́gbà máa ṣọ́ ọgbà rẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ohun tí ẹran bá bàjẹ́ lóru, ọrùn ẹlẹ́ran ló wà. Ìṣọ́ pín sí méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa bi wá léèrè pé: hàdíìsì tó ní ìpalára tí ẹranko bá ṣe kò ní ìtanràn ńkọ́? Hàdíìsì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ṣùgbọ́n àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé pé ibi tí ẹlẹ́ran kò ti jáfara ló ti ń ṣiṣẹ́. Ibn Qudama, onímímọ̀ àgbà tó kú ní ọdún 620 lẹ́yìn Hijira (1223), sọ̀rọ̀ ológbò gan-an nínú ìwé rẹ̀ Al-Mughni. Ó ní ẹni tó bá ń sin ológbò tó ti sọ jíjẹ ọmọ ẹyẹ àwọn ènìyàn di àṣà yóò san ohun tó bá bàjẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀sán, ìbáà jẹ́ òru, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sin ajá abùnijẹ. Bí kò bá jẹ́ àṣà ológbò náà tẹ́lẹ̀, olówó rẹ̀ kò ní san. Bí ológbò bá sì jẹ́ èyí tó kàn wá fúnra rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sìn, kò sí ohun tí onílé tó wọ̀ sí máa san.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn: àtìgbà tí o bá ti mọ àṣà ẹran rẹ ni gbèsè ti ń gun ọ́. Nígbà tí ẹja àkọ́kọ́ lọ, ta ló mọ̀? Nígbà tí èkejì lọ, tí ìyá náà sì ti kìlọ̀, àṣà ti hàn sí gbogbo ayé. Nítorí náà àwọn àáfà wa ní òròmọdìyẹ mẹ́ta ni gbèsè tó wà lọ́rùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Bí ó bá san owó ẹja méjèèjì pẹ̀lú, inú rere ni, láádá rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

ẸNI TÍ WỌ́N ṢẸ̀ NÁÀ NÍ ÀÀLÀ

A kò lè dúró síbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ní ẹ̀jọ́ láti rò, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti fi májèlé sínú orí ẹja kí ó sì gbé e sí àgbàlá tí ọmọdé ń rá. Májèlé kò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó lè pa ológbò, ó lè pa adìyẹ ẹni tó dẹ ẹ́, ó lè pa ọmọ tí kò mọ nǹkan kan. Lójú òfin ìjọba pẹ̀lú, ìwà ìkà sí ẹranko jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Abala 495 nínú Criminal Code ti Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa fi àbá mú ènìyàn tàbí ẹran. Suratul Hujurat ti kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá. Ojú ológbò ń tàn lóru nítorí pé awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi díńgí, kí ó lè ríran nínú òkùnkùn. Igbe tó ń ké lóru bí ọmọ ìkókó, igbe akọ àti abo tó ń wá ara wọn ni. Bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn.

OHUN TÓ YẸ KÍ A MÁA ṢE

1. Ẹ máa bọ́ ológbò yín déédéé, kí ẹ sì mú un wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe rò pé ebi nìkan ló ń lé e lọ síbi adìyẹ: ọdẹ ni ológbò, bí ó yó pàápàá yóò ṣọdẹ. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn fi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ.

2. Ẹ bu yanrìn sínú ike fífẹ̀ kan fún un láti máa yàgbẹ́ sí, kí ẹ sì máa kó ìgbẹ́ náà dànù lójoojúmọ́. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma, tó lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò tó ń jẹ eku àti ẹyẹ. Ó máa ń lò tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó lè ran ènìyàn. Ẹni tó bá ń tètè kó o ti gba iwájú rẹ̀. Ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, nítorí náà kí aláboyún má ṣe fọwọ́ kàn án. Kí àwọn ọmọ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí wọ́n bá ti ṣeré nínú yanrìn tán.

3. Ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àìsàn dìgbòlugi bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ṣe là á sílẹ̀. Àìsàn yìí kì í ṣe ti ajá nìkan. Bí ológbò bá gé ènìyàn jẹ tàbí tó ha á lára, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àìsàn náà bá ti yọ lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó là á já.

4. Ẹ mójú tó bíbí rẹ̀. Abo ológbò lè lóyún kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, oyún rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ. Kíkó ọmọ rẹ̀ dà sórí àkìtàn kì í ṣe ìwà Mùsùlùmí. Ní ti títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ohùn àwọn onímímọ̀ kò ṣọ̀kan. Àwọn ará mazhab Hanafi gbà á láàyè bí àǹfààní bá wà níbẹ̀. Kí ẹ bi àáfà yín, kí ẹ sì lọ bá dókítà ẹran. Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe é.

5. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹja àti adìyẹ, ẹ ṣọ́ tiyín. Ẹ da nẹ́ẹ̀tì bo àtẹ, ẹ fi àgò bo òròmọdìyẹ. Ẹ má sì ju orí ẹja sí ológbò ẹlẹ́ni lónìí, kí ẹ tó wá pè é ní olè lọ́la.

6. Bí ìpalára bá ṣẹlẹ̀, ẹ lọ bá olówó ẹran náà jẹ́jẹ́, lójú òun nìkan. Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó. Bí kò bá gbọ́, ẹ mú àgbà kan dání tàbí kí ẹ sọ fún onílé. Ìwọ ẹlẹ́ran náà, bí wọ́n bá wá fẹjọ́ sùn ọ́, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” ni kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ, kì í ṣe hàdíìsì. Lẹ́yìn náà, béèrè iye tí o jẹ.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE PARÍ

Nígbà tí a sọ gbogbo èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo mọ hàdíìsì ológbò, mi ò mọ ti aládùúgbò.” A ní ó mọ̀ ọ́n, kò kàn rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò ná an lówó ni. Ó san owó òròmọdìyẹ mẹ́ta àti ẹja méjì. Ó ní, “Màmá, ẹ forí jì mí.”

Ìyá náà kò kọ́kọ́ gba owó náà. Ó bú sẹ́kún. Ó ní kì í ṣe nítorí ológbò ni òun ṣe ń sunkún. Ọwọ́ ọmọ kékeré yẹn tó di orí ẹja mú ni kì í jẹ́ kí òun sùn lóru. Ó lọ bá ìyá àgbà, ó jẹ́wọ́ fún un, ó sì tọrọ àforíjì. A gbọ́ pé ìyá àgbà náà pẹ́ kí ó tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó dáhùn.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ta ni ẹ rò pé ó ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin wa pé kó wá ọmọ ológbò mìíràn? Ìyá ẹlẹ́ja ni. Èkúté ti ń já agbọ̀n ẹja rẹ̀. Ológbò kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jọ jókòó kí ológbò tó dé. Wọ́n fẹnu kò sí ibi tí yóò máa sùn, ẹni tí yóò máa kó yanrìn rẹ̀ dànù, àti iye tí olówó rẹ̀ yóò san bí ó bá fọwọ́ kan adìyẹ. Ìyá náà ra nẹ́ẹ̀tì fún àtẹ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èwo nínú àwọn hàdíìsì tí a mẹ́nu bà ni a sábà máa ń rántí nígbà tó bá ṣe wá láǹfààní nìkan?
2. Kí ló dé tí Ibn Qudama fi ya ológbò tí a mọ àṣà rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a kò mọ̀?
3. Yàtọ̀ sí ológbò, kí ni nǹkan tiwa mìíràn tó ń ni aládùúgbò lára: jẹnẹrétọ̀, rédíò, omi ìdọ̀tí? Ta ló ti bá wa sọ ọ́ rí, kí ni a sì fi dá a lóhùn?

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa tó sùn lálẹ́ òní, kí ó ronú kan ògiri tó wà láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀. Bí gbèsè kan bá wà, bó ṣe owó òròmọdìyẹ kan, kí ó lọ san án.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ń sùn ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Kí Ó fún wa ní àánú sí ẹranko, kí Ó sì fún wa ní ìtìjú lọ́dọ̀ ènìyàn. Aamin.